Bí ẹ ṣe lè to gypsum board àti iná sí àjà yàrá

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ pánù wò lẹ́yìn òjò ńlá. Ibi tó bá ń jò, ẹ dí i. Gypsum board, ìyẹn pátákó bí ẹfun tí bébà bò lójú, máa ń wú tó bá mumi, á sì já lulẹ̀. Bí àjà àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má rẹ́ ẹ, ẹ má fọ́ ọ; eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ni kó tú u.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ń gba bọ́ọ̀dù 4 × 8 márùn-ún. Ẹ ra mẹ́fà, torí ọkọ̀ lè ṣẹ́ ọ̀kan lọ́nà. Igi ìnṣì 2 × 2 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, mẹ́wàá. Ẹ fi oògùn ikán kùn wọ́n, kí ẹ tó kàn wọ́n mọ́ igi òrùlé, ìnṣì 16 láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì.

Wáyà ló ṣáájú bọ́ọ̀dù. Ẹ pa iná NEPA, jẹnẹrétọ̀ àti inverter, kí ẹ sì fi tẹ́sítà dán an wò. Inverter gan-an ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Wáyà 1.5mm tó fún iná; inú páìpù ni kó gbà, nítorí eku. Láìfù, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, ni kó gba inú súwíìṣì. Tó bá jẹ́ niútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, gílóòbù á kú, síbẹ̀ iná á ṣì wà níbẹ̀ de ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí wáyà bá ti so pọ̀, kọ́nẹ́ẹ́tọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe téèpù. Ooru abẹ́ pánù máa ń tú téèpù.

Iná LED mẹ́rin tó. Ìnṣì 36 sí ògiri ló yẹ kí wọ́n wà, ṣùgbọ́n igi kan wà ní 32, kò ní jẹ́ kí iná fífẹ̀ ráyè. Ẹ sún iná sí 40, láàárín igi méjì. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lódìkejì. Ìwọ̀n ihò wà lára páálí iná, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ni kó gbé bọ́ọ̀dù, kí gígùn rẹ̀ dábùú igi. Ìlà kìíní: odindi, kí ààbọ̀ tẹ̀ lé e. Ìkejì: ààbọ̀ ni kó ṣáájú. Ìkẹta dà bíi kìíní. Bí ojú ìpàdé bá tò sọ́nà kan, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Sìkúrúù ìnṣì 1¼ ni, ìnṣì 8 síra wọn létí, 12 láàárín. Ìṣó máa ń yọrí síta tó bá yá. Kí orí sìkúrúù rì díẹ̀, kó má ya bébà ojú bọ́ọ̀dù. Tó bá ya á, ẹ fi òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi joint compound (ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ìpàdé bọ́ọ̀dù) àti téèpù bébà bo ojú ìpàdé. Ìpele kejì kó fẹ̀ tó ìnṣì 8, ìkẹta 12. Kí ọ̀kan gbẹ délẹ̀ kí òmíràn tó gùn ún. Nígbà òjò, òru kan kì í tó. Lásìkò ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti fèrèsé, torí ojú á gbẹ kí inú tó gbẹ, á sì sán wẹ́wẹ́. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 150 ra á. Ẹ fi omi la ọ̀dà àkọ́kọ́, torí bọ́ọ̀dù máa ń mu ún. Lẹ́yìn ọ̀dà ni kí ẹ ki iná bọ ihò.