Bí Mo Ṣe Wá Ìwé Tí Mo Máa Kà Tẹ̀lé Ti Fágúnwà ní Ìkòròdú

Bébà ni mo kọ́kọ́ mú. Mo kọ orúkọ ìwé márùn-ún tí mo kà tán láìsí ẹni tó fi tipátipá mú mi, mo yọ ti ìdánwò kúrò. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè gbé e sílẹ̀. Nancy Pearl, olùtọ́jú láíbìrì kan ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ni òǹkàwé ń gbà wọnú ìwé: ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti èdè. Nínú márùn-ún tèmi, mẹ́ta ló jẹ́ èdè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó bá gbádùn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938) á rò pé ọdẹ àti iwin ni òun ń fẹ́, á kó ìtàn iwin mẹ́ta jọ, ìkejì ò ní tí ì dé ìdajì tí yóò fi sú u. Tó bá jẹ́ bí Fágúnwà ṣe ń to ọ̀rọ̀ ló dùn mọ́ ọn, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969) ló yẹ kó wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ọ̀daràn ni, kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀dá ìtàn wọlé lè mú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lórí Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn. Tibùdó ńkọ́? Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, ayé ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń jọba lé àwọn ìlú mìíràn lórí.

Ó di Sábó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Ẹ má béèrè "nọ́fẹ̀lì Yorùbá". Ìwé ẹ̀kọ́ tó ga bí òkè ni wọ́n á nà sí yín. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lítíréṣọ̀ Yorùbá, ti wáẹ́ẹ̀kì àtijọ́." Abẹ́ pátápátá ló máa ń wà.

Kí n tó dúnàádúrà, ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ojú ewé ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kí la fẹ́ fi ṣe? Lẹ́yìn náà mo yẹ nọ́ńbà ojú ewé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdì ìdì ni wọ́n ń di ìwé pọ̀, ojú ewé 16 tàbí 32, nítorí náà bí ìdì kan bá já, odidi 16 lè lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀: ayédèrú tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ máa ń pa àmì ohùn rẹ́, ẹ ò sì ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Àmọ́ "aiye" àti "enia" kì í ṣe àṣìtẹ̀ o. Àkọtọ́ àtijọ́ ni.

Láti mọ èyí tí màá gbé sílẹ̀, òfin Pearl náà ni mo lò: ojú ewé 50 ni kí ẹni tí kò tí ì kọjá ọdún 50 kà kó tó pa ìwé dé. Ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ á yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100. Ẹni ọdún 62 á ka 38 péré. Eré onítàn kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀, ìran kìn-ín-ní ni mo fi ń díwọ̀n tirẹ̀, mo sì máa ń kà á sókè.