Bẹ́ ẹ ṣe lè ta fọ́tò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìkó sí wàhálà

Ẹ jẹ́ ká tètè fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan: Google kọ́ ló ni fọ́tò. Ẹni tó bá ń sọ pé "orí Google ni mo ti mú u" ti já ewé lóko olóko ni, ó kàn jẹ́ pé wọn ò tíì ká a mọ́bẹ̀. Wọ́n ti ká èmi mọ́bẹ̀ rí o. Fláyà ni mo ṣe fún oníbàárà kan, mo ki fọ́tò ìyàwó tó wé gèlè sí i, mi ò mọ ẹni tó yà á, kò pé oṣù kan tí ẹni tó ni ín fi kàn sí oníbàárà mi, mo dá owó iṣẹ́ padà, mo tún fi ẹ̀bẹ̀ lé e. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, ìyẹn àyè tí ẹni tó ni fọ́tò fún èèyàn láti lò ó, dáadáa, ibẹ̀ náà ni mo ti wá rí i pé èmi alára lè máa ta fọ́tò.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹni tó bá ya fọ́tò ló ni ín, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ó wà nínú Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní March 2023. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí Shutterstock tàbí Adobe Stock, àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń ta fọ́tò tá à ń pè ní stock, ẹ ò ta fọ́tò náà tán, àyè láti lò ó lẹ tà, ẹlòmíì tún lè wá san tiẹ̀ lọ́la. Èyí tí wọ́n ń pè ní royalty-free yẹn ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù, wọ́n á ní "free ni wọ́n kúkú kọ síbẹ̀". Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Ẹni tó rà á á sanwó lẹ́ẹ̀kan ni, á wá máa lò ó lọ láì tún máa san òmíì. Ó láàlà ṣá: láísẹ́ǹsì standard ti Adobe Stock, ìyẹn èyí tó wọ́pọ̀, ò gbọdọ̀ kọjá ẹ̀dà 500,000, tó bá sì jẹ́ orí T-shirt tàbí kọ́ọ̀pù tó fẹ́ tà ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, extended, èyí tó gbòòrò jù ú lọ, ló máa rà, owó ìyẹn sì ga dáadáa. Editorial náà wà, ti ìròyìn nìyẹn, wọn ò gbọdọ̀ fi polówó ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ò sì tíì lówó láti ra fọ́tò, ẹ wá fọ́tò tó ní láísẹ́ǹsì Creative Commons, èyí táwọn tó ya fọ́tò fi ń yọ̀ǹda ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: CC0, ẹ lò ó bó ṣe wù yín, CC BY, ẹ dárúkọ ẹni tó yà á, tí NC bá ti wà nínú ẹ̀, ẹ má fi pawó rárá.

Àwa tá a ń ya fọ́tò òde ìnáwó, ẹ fetí síbí. Pé ẹ̀yin lẹ ya ìyàwó yẹn ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ máa tà á. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kẹ́ ẹ má gbé e síta, àwọn stock náà ò sì ní gbà á láìsí ìwé tí ẹni inú fọ́tò buwọ́ lù, ìyẹn model release. Tí ojú èèyàn bá ti hàn débi tí aládùúgbò ẹ̀ á fi dá a mọ̀, ẹ gba ìwé. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí ẹ̀ ló máa buwọ́ lù ú. Lọ́jà, ẹ má kàn na kámẹ́rà sójú èèyàn, ẹ kí wọn, ẹ ra nǹkan díẹ̀, kẹ́ ẹ wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ tà á, ẹ má fi ìyẹn pamọ́. Màmá tó ń lọ ata ládùúgbò mi bi mí pé "Ṣé o ò ní lọ fi mí ṣe yahoo báyìí?" Mo ní "Ẹ̀yin mà, ibi tẹ́ ẹ ti ń lọ ata ni mo fẹ́ yà, àwọn tó ń ṣe ìwé ìpolówó ló máa rà á." Wọ́n ní kí n tẹ ọ̀kan fáwọn náà káwọn gbé e kọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n buwọ́ lù ú.

Fọ́tò fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ni, kì í ṣe kámẹ́rà olówó ńlá. Oòrùn tiwa máa ń dúró sán-án lórí èèyàn lọ́sàn-án, ihò ojú á wá ṣókùnkùn bíi ti ẹni tí ò sùn lọ́sẹ̀ kan, torí náà ẹ yà á láàárọ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tó bá di dandan kó jẹ́ ọ̀sán, ẹ fà á wọ abẹ́ òrùlé, kó kojú síta lẹ́nu ọ̀nà. Àsìkò ọyẹ́ dáa gan-an, eruku yẹn ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ẹ ṣáà máa nu ojú lẹ́ǹsì.

Ibi tó ti ń le ni awọ dúdú pẹ̀lú léèsì funfun. Tí funfun bá pọ̀ níwájú kámẹ́rà, kámẹ́rà fúnra ẹ̀ á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Tó bá jẹ́ ògiri dúdú ló wà lẹ́yìn, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, gbogbo iṣẹ́ ọnà ara léèsì á pòórá. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, ẹ wá máa fa ìmọ́lẹ̀ sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Léèsì lèmi máa ń kọ́kọ́ dáàbò bò, torí ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé gbé sókè nínú Lightroom, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, àmọ́ funfun tó bá ti fọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì pa dé, lọ́ra ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ, tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn kẹ́ ẹ gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára sí, sókè, fọ́tò tó ní èérún díẹ̀ sàn ju èyí tó rí bàìbàì lọ. Ẹ má súùmù lórí fóònù jàre, ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ fi sún mọ́ ọn. Ẹ má sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, á fún un pọ̀, Shutterstock àti Adobe Stock méjèèjì ò sì ní gba èyí tí ò tó 4 megapixel, ìyẹn àmì kéékèèké mílíọ̀nù mẹ́rin tó para pọ̀ di fọ́tò.

Kí lẹ máa wá yà? Fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀ ti kún orí àwọn stock fọ́fọ́. Ẹ tẹ "POS Nigeria" síbi tí wọ́n ti ń wá fọ́tò níbẹ̀, ẹ tẹ "amala", ẹ wo iye tó jáde, kẹ́ ẹ wá tẹ "sunset", ẹ ó rí ibi tí àyè wà. Ẹni tó ń ro àmàlà, télọ̀ níwájú maṣín-ìn, ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ iléèwé lábẹ́ iná sólà, nǹkan ojoojúmọ́ tiwa ni. Àmọ́ lógò o! Lógò báǹkì lára POS, lára ìgò mínírà, lára jéèsì, ẹ yí i padà tàbí kẹ́ ẹ nù ún kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ editorial ló máa já sí. Egúngún àti ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo náà, editorial ni kẹ́ ẹ gbé wọn sí.

Keyword, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fẹ́ rà á máa fi wá fọ́tò yín rí, Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Adobe gbà tó 49, Shutterstock ń fẹ́ láti 7 sí 50. Ẹ fi èyí tó ṣe pàtàkì jù síwájú, ẹ sì kọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, "beautiful" ò ṣe nǹkan kan fún yín. Tówó bá dé, Adobe á fún yín ní 33% lórí fọ́tò, ó di $25 kẹ́ ẹ tó lè gbà á, Payoneer, tí wọ́n fi ń gba owó òkè òkun, lèmi ń lò. Ti Shutterstock, 15% lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ó lè gùn dé 40%, tó bá sì di January wọ́n á dá yín padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn máa ń bí mi nínú. Ẹ ó tún kọ fọ́ọ̀mù W-8BEN torí owó orí Amẹ́ríkà.

Wọ́n á dá fọ́tò yín padà o, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ tún òmíì yà. Nínú mẹ́wàá tí mo kọ́kọ́ gbé lọ, mẹ́ta ni wọ́n gbà, ti màmá tó ń lọ ata wà nínú ẹ̀.