Téèpù, Bọ́tìnnì àti Àgbò: Bí Mo Ṣe Ń Fi Iléyá Kọ́ Àwọn Ọmọ Mi Nílé ní Ẹ̀pẹ́

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, aránṣọ kì í ráyè jẹun, ká má tíì sọ pé kó jókòó ti ọmọ pẹ̀lú ìwé. Ilé ni àwọn ọmọ mi méjèèjì ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ mẹ́rin, ṣọ́ọ̀bù mi sì ni kíláàsì wọn. Lọ́dún kan mo ra ìwé iṣẹ́ àjọ̀dún kan fún wọn, yìnyín ni wọ́n yà síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí àgbà bi mí bóyá a lè fi nǹkan funfun yẹn sínú sobo mu. Mo pa ìwé dé. Láti ìgbà náà, ohun tó bá wà nílé ni mo ń lò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ọjọ́ kẹwàá oṣù òṣùpá ni Iléyá, nítorí náà ẹ fa àpótí mẹ́wàá sára páálí, kí ẹ sì máa mú àwọn ọmọ jáde lẹ́yìn Màgàríbà. Ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ kọjú sí lálẹ́ àkọ́kọ́. Òṣùpá kò ní ju gígé èékánná lọ, kò sì ní pẹ́ wọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje, ó ti di ìdajì. Kí ọmọ ya ohun tó rí, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin mọ̀. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, kó ya ìkùukùu. Ọmọ mi fẹ́ ya òṣùpá sí àpótí ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú, mo ní rárá o, ohun tí ojú rí ni à ń kọ. Ẹ lè fi kálẹ́ńdà han èyí tó ti mọ nọ́ńbà: lọ́dún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá, lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà kan náà. Ọdún òṣùpá ló fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti oòrùn lọ.

Bí àgbò bá dé, ẹ gbé téèpù. Bàbá wọn ló ń di ìwo mú, n kì í fi ìyẹn seré. Èyí àgbà fi àtàǹpàkò tẹ orí téèpù mọ́ àyà àgbò, ó fà á yíká, àgbò gbọnra, téèpù já bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n: ínǹṣì 30, 33, 31. Ó bi mí èwo ni òótọ́ nínú wọn. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé ìhà ẹran náà, kó wo bó ṣe ń wú tó sì ń fọn bó ti ń mí. Oníbàárà tó bá ń mí kanlẹ̀ nígbà tí à ń wọ̀n ọ́n, bùbá rẹ̀ kò ní bá a mu. Àbúrò rẹ̀ kò tíì mọ nọ́ńbà, okùn ni mo fún un. Ó wọn àgbò, ó wọn èmi, ó wọn ara rẹ̀, ó gé okùn kọ̀ọ̀kan, a sì so wọ́n kọ́ sára ògiri. Ó ní ìgbà wo ni màá rán aṣọ ọdún ti àgbò.

Àgékù áńkárá wà fún ṣíṣà ní àwọ̀ àwọ̀. Ẹ ṣáà kó abẹ́rẹ́ àti àlùmágàjí kúrò nílẹ̀.

Ẹran pípín ni olórí iṣẹ́, bọ́tìnnì ni a sì fi ń kọ́ ọ kí ọjọ́ tó pé. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń pín ẹran Iléyá: ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní. Ẹ gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀, kí ọmọ pín bọ́tìnnì 24 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn. Ẹ wá fún un ní 25. Èyí àgbà ju èyí tó ṣẹ́kù sínú abọ́ ilé, kíá ni àbúrò rẹ̀ yọ ọ́, ó fi sí ti aláìní, ni ìjà bá dé. Ẹ má là wọ́n kíákíá. Ẹ ní kí kálukú sọ ìdí tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, mi ò jẹ́ kí èyí kékeré wà níbi tí wọ́n ti ń dúńbú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣí ọ̀rá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ẹni tó ni ín sórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń gbé ti ìyá ẹlẹ́ja ojúlé kejì lọ. Wọn á kọ́kọ́ kí i, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀: "Ẹ kú ọdún, Màmá, ẹ kú ìyèdún." Kí wọ́n tó na ọwọ́ nìyẹn o.

Lẹ́yìn Iléyá, àwọn ará Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tí baba ńlá wọn ti Èkó wá, á ṣe ọdún Káyókáyó, ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe wá tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851. Omi inú bàsíà ni ọ̀sà wa. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ Èkó sí etí kan, Ẹ̀pẹ́ sí èkejì, kí wọ́n fi ìwé ṣe ọkọ̀, kí wọ́n sì ka iye èrò tó lè gbé dé èbúté. Ti èyí àgbà gba bọ́tìnnì mẹ́tàdínlógún kó tó rì. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti bùbá ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ yọ ti oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó kó bọ́tìnnì fún wọn.