Bí mo ṣe rí ìdí tí alùpùpù mi fi ń mu epo jù, tó sì ń gbóná

Alùpùpù tí mo fi ń rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn kì í mu ju lítà 5 lọ ní 100 kìlómítà. Ṣàdédé ló di 6.5. Ooru ẹ́ńjìnnì ń jó mi lẹ́sẹ̀, fáànù kò sì sinmi mọ́.

Mo pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, pàbó. Nígbà tí mo tan iná wo rẹdiétọ̀, ìyẹn ohun tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, ẹrẹ̀ àti òkú kòkòrò ti dí i pa. Mo rọra fi omi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, torí omi tó bá ń tú jáde tagbáratagbára lè tẹ àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ wọ́. Ooru dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n epo ṣì ń lọ.

Ẹ̀yìn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo gbé e dúró kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, mo fi ọwọ́ yí i. Kò yí tó ìdajì tó fi dúró gbọn-in. Bíréèkì ló dì í mú! Àwọn irin tí kálípà, ìyẹn apá bíréèkì tó ń fún páàdì mọ́ díìsì táyà, ń yọ̀ lórí wọn ti gbẹ, ọ̀kan ti dípẹtà. Mo tú wọn, mo nù wọ́n mọ́, mo fi gíríìsì bíréèkì pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gíríìsì lásán, ó máa ń ba rọ́bà ibẹ̀ jẹ́. Táyà wá ń yí fàlàlà. Àṣé ẹ́ńjìnnì ti ń bá bíréèkì jìjàkadì látọjọ́ yìí.

Nígbà tí mo tún rin 400 kìlómítà, ó ti padà sí lítà 5.1, ẹsẹ̀ mi sì tutù.