"Lọ́yà, Wèrè Ni Ìyá Ọmọ Mi": Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Fa Ọmọ Mọ́ra Wọn Lọ́wọ́ Ní Kóòtù

Kí n tó ní kí àwọn bàbá tó wá bá mi jókòó ní ọ́fíìsì mi ní Táńkẹ̀, Ìlọrin, ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́: "Lọ́yà, wèrè ni ìyá ọmọ mi. Mo fẹ́ gba ọmọ mi." Owó tí wọ́n ti ná dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ń bí mi nínú.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ "wèrè" yẹn gan-an. Ìjọba pàápàá ti jù ú nù: òfin àtijọ́ tó ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀ ti lọ, òfin ìlera ọpọlọ tuntun ni wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ohun tí adájọ́ ń béèrè ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, Háìkóòtù lẹ ń lọ, abala 71 òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ọdún 1970 sì fi ire ọmọ ṣáájú gbogbo nǹkan. Tó bá jẹ́ nìkáì, tí ẹjọ́ wà ní Èríà Kọ́ọ̀tù, ìyá ló kọ́kọ́ ni hadánà, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti tọ́ ọmọ. Lóòótọ́, ẹni tí yóò tọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ ní làákàyè, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé ìyá kò ní in ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin bàbá: tí ìyá bá pàdánù ẹ̀tọ́ náà, ìyá rẹ̀ ló kàn. Ẹ lè ta ilẹ̀ kí ọmọ lè bọ́ sọ́wọ́ ìyá ìyàwó.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ọdún kejì mi nídìí iṣẹ́ ni, gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dùn lẹ́nu mi. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn fún Alhaji kan pé orí ìyàwó rẹ̀ ti dàrú látìgbà tó ti bí ọmọ kejì. "Dàrú" wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Lọ́yà ìyàwó, àgbà tí kì í pariwo, rọra dìde.

"Alhaji, níbo lẹ wà lásìkò yẹn?"

"Kútọnu. Mo lọ rajà."

"Oṣù mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Ta lẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún?"

Alhaji wò mí. Mo wo bàtà mi.

"Ìyá wọn."

Adájọ́ bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. Ìdájọ́ ku kí wọ́n kà á síta ni.

Bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ nìyí: lọ́jọ́ Alámìsì báyìí, tíṣà pè pé kò sẹ́ni tó wá mú ọmọ, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo bá a níwájú géètì, kò tíì jẹun. Ọjọ́, aago, ẹni tó rí i. Tí ẹlẹ́rìí bá sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ó wúlò ju àbúrò yín márùn-ún lọ.

Ìkejì, fídíò. Ẹ ó kọ́kọ́ bú ìyá ọmọ títí tí yóò fi bínú, ẹ ó wá tan fóònù. Adájọ́ gbọ́ ohùn yín náà o. (Tí ẹ bá tẹ WhatsApp jáde fún Háìkóòtù, ẹ má gbàgbé ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ń béèrè.)

Ìwé dókítà tí kò rí ìyá náà rí: ẹ fi pọ́n ẹ̀pà.

Ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, mi ò kà á mọ́: ẹ má jí ọmọ gbé níléèwé.

Àwọn kan á ní àfáà rí i lójú àlá. Ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n fi ẹ̀sùn kan ìyá torí pé ó ń lo oògùn. Obìnrin tó ń lọ gba ìtọ́jú déédéé ní ọsibítù Yunifásítì ní Òkè-Òsé ti fi hàn pé òun ń tọ́jú ara òun. Ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn án ti bá a ro ẹjọ́ rẹ̀ yanjú.

Tí ẹ̀rù bá ń bà yín lóòótọ́, ẹ ní kí kóòtù rán òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wo ilé. Ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹbí wà níbẹ̀ tí ìyá bá fẹ́ rí ọmọ. Ohun kékeré ni adájọ́ ń tètè fúnni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wá nítorí ọkọ rẹ̀ àná. Kò bú u. Ó na ìwé ọmọ iléèwé kan sí mi, ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ àti aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Mo ní kó jókòó.