Bí mo ṣe tọpa omi kànga mi dé géètì Brookhaven

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a kó dé ilé wa ní Suffolk County, ní Long Island, ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, bàbá aládùúgbò wa wá kí wa káàbọ̀. Mo bu omi tútù fún un. Ó gba ife náà, ó wò ó, ó ní ṣé omi kànga ni àbí ti ìjọba. Mo ní kànga ni. Bàbá rọra gbé ife kalẹ̀, kò fẹnu kàn án títí tó fi dìde. Nígbà tó ń lọ, ó nàka sí igbó páìnì tó wà lápá àríwá wa, ó ní ṣé àwọn tó ta ilé fún wa sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọn ò sọ.

Brookhaven National Laboratory ló wà níbẹ̀, ní Upton. Mo ti máa ń kọjá níwájú géètì wọn lórí William Floyd Parkway tí mo bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, bárékè ṣọ́jà ni mo rò pé ó jẹ́. N kò tiẹ̀ jìnnà sí òótọ́: àgọ́ ológun ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Camp Upton lorúkọ rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ilé ìwádìí ìmọ̀ átọ́míìkì ní 1947. Rẹ́ákítọ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ átọ́mù, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, gbogbo wọn ló ti kú báyìí. Ìdọ̀tí wọn ni kò bá wọn kú. Ní 1989, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ tí májèlé bà jẹ́ débi pé dandan ni kí wọ́n tún un ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Superfund.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp àwa ìyá Yorùbá àgbègbè yìí. Àṣé ilé agbọ́n ni mo fọwọ́ kàn. Ẹnì kan ní ká tètè ta ilé. Ẹnì kan ní kí n máa se omi náà kó hó dáadáa. (Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, ṣé síse ló máa yọ iyọ̀ kúrò?) Ẹlòmíì fi fídíò Chernobyl, rẹ́ákítọ̀ tó bú gbàmù ní Ukraine, ránṣẹ́ ní agogo mọ́kànlá alẹ́, bíi pé ohun tí mo nílò kí n tó sùn nìyẹn. Màámi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń gbé ní Shirley, ní gúúsù ilé ìwádìí náà, kí n tó jáde ilé-ìwé girama, ló pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Tóbi, gbé ẹ̀rù sílẹ̀, gbé ìwé. Ìwé wọn wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ibi tí ilé tìẹ wà nínú ẹ̀ ni kó o wá."

Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin kà á ni?"

"Ta ló fún wa lómi ìjọba ládùúgbò yìí? Ṣé wọ́n kàn ṣàánú wa ni?"

Òótọ́ ni. Lẹ́yìn 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ilé tó wà ní gúúsù ilé ìwádìí náà mọ́ omi ìjọba, bí 1,500 ilé, torí kẹ́míkà tó ti ń bá omi abẹ́ ilẹ̀ jáde kúrò nínú ọgbà wọn. Àdúgbò tiwa kò sí lára wọn. Mo tẹ̀lé ìmọ̀ràn Màámi, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́rin.

Ọdọọdún ni ilé ìwádìí náà ń gbé ìwé méjì jáde: ọ̀kan sọ nípa àyíká lápapọ̀, èkejì dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá ń lo kànga, èkejì ni kí ẹ wá. Ó nípọn bí ìwé àwọn lọ́yà. Àṣìṣe mi ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Kí n tó dé ogún, mo ti ń hanrun lórí tábìlì ìdáná. Àwòrán ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ sì wo ibi tí àwọn ọfà kọjú sí.

Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Inú iyanrìn ló ń rìn níbí, ìrìn rẹ̀ sì falẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lóòjọ́. Ìdọ̀tí tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á máa bá a lọ, á máa gùn sí i bí ìrù. Plume ni ìwé wọn ń pè é. Ìrù lèmi ń pè é. Wọ́n ya ìrù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀: ti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ irin, ti strontium-90 àti ti trítíọ̀mù, tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ti PFAS, kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà, tó ti inú fóòmù táwọn panápaná ń lò wá. Mo fi rúlà Tóbi wọ̀n ọ́n láti géètì wọn dé ojúlé wa. Ilé wa kò sí nínú ìrù kankan.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi láti rí ni ọdún tí wọ́n kọ síwájú ìrù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọdún tí wọ́n retí pé omi ibẹ̀ máa padà sí ìwọ̀n tí òfin gbà. 2030 ni ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà. Ti strontium-90 tó wà lábẹ́ rẹ́ákítọ̀ wọn àkọ́kọ́, 2070 ni. Tóbi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí kíláàsì kìíní. Tí ọdún yẹn bá fi máa pé, òun náà á ti di bàbá àgbà.

Ó wù mí kí n dúró níbẹ̀, kí n dúpẹ́, kí n lọ sùn. Ṣùgbọ́n ta ló ya àwòrán yẹn? Àwọn tó ni ìdọ̀tí náà ni. Ìtàn 1997 tí mo ti kà ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Rẹ́ákítọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ High Flux Beam Reactor. Ó ní adágún kan tí wọ́n máa ń ri àwọn ọ̀pá uranium tí wọ́n ti lò tán sí. Adágún náà ń jò. Jíjò ọ̀hún kò ju gálọ́ọ̀nù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ lóòjọ́, kò tó omi ìwẹ̀ ẹnì kan, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó ti ń jò bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá. Trítíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Oríkunkun nǹkan yìí ni pé ṣe ló máa ń di omi fúnra rẹ̀, kò sí àsẹ́ tó lè yọ ọ́. Kéèyàn dúró dè é ló kù: lẹ́yìn ọdún méjìlá àti díẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, lẹ́yìn méjìlá mìíràn, ìdajì èyí tó kù. Òfin kò gbà kó ju 20,000 píkókúrì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lọ nínú lítà omi mímu kan. Èyí tí wọ́n bá nítòsí rẹ́ákítọ̀ náà ní oṣù kìíní ọdún 1997 jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po.

Jíjò nìkan kọ́ ló bí àwọn ará ìlú nínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Suffolk County ti bá ilé ìwádìí náà sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n gbẹ́ kànga ìṣọ́, èyí tí wọ́n fi ń yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́ákítọ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn á gbẹ́ ẹ. Títí di 1996, wọn ò gbẹ́ ẹ. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, tí wọ́n bu omi inú rẹ̀, àṣírí tú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, Federico Peña, mínísítà tó ń rí sí iná àti epo nígbà náà, gba ilé ìwádìí náà lọ́wọ́ àjọ tó ti ń bójú tó o láti 1947. Rẹ́ákítọ̀ náà kò tanná mọ́; ní 1999 ni Bill Richardson tó rọ́pò rẹ̀ kéde pé wọ́n ti tì í pa. Trítíọ̀mù yẹn kò tí ì gba ẹnu ààlà ọgbà wọn jáde ní ìwọ̀n tó ju òfin lọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ará ìlú ló jáde, tí kò tètè padà.

Ní 1998, ọdún kan lẹ́yìn tí àṣírí náà tú, ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ará ìlú sílẹ̀, Community Advisory Council. Aṣojú ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ àwọn onílé, ẹgbẹ́ aláàbò àyíká, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, oríṣiríṣi. Wọn kì í pàṣẹ, ìmọ̀ràn ni tiwọn, wọ́n á sì jọ sọ ọ́ títí gbogbo wọn á fi rí ohun tí wọ́n lè jọ fara mọ́. Mo kọ́kọ́ fojú kéré èyí. Ìmọ̀ràn lásán? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà nípa odò Peconic tó gba inú ọgbà wọn kọjá, tí wọ́n gbọ́n ẹrẹ̀ tó ní mẹ́kúrì àti kẹ́míkà olóró PCB kúrò nínú rẹ̀ ní 2004 àti 2005, mo rí i pé àwọn tó ń jókòó sí ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, wọ́n máa ń rántí ìlérí ju ẹni tó ṣe ìlérí lọ. Ọ̀gá ń yí padà, àjọ ń yí padà. Ìyá kan tó ń kọ nǹkan sínú jọ́tà kì í yí padà.

Mo lọ sí ìpàdé wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan, ní Berkner Hall. Wọ́n yẹ káàdì ìdánimọ̀ mi wò ní géètì, mo wakọ̀ gba àárín igi páìnì kọjá. Wọ́n fún àlejò láyè láti béèrè ọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní, "Ṣé omi wa dára?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò rí ohun tí mo lè mú relé nínú rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni. Irú ìbéèrè yẹn dà bí kéèyàn bi dókítà pé ṣé ara aráyé yá.

Nígbà ìsinmi, ìyá arúgbó kan nínú ìgbìmọ̀ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí. Ó ní kí n má béèrè omi mọ́, kànga ni kí n béèrè. Kànga ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà. Nígbà tí a padà wọlé, mo ṣí ìwé mi, mo pe nọ́ńbà kànga tó sún mọ́ wa jù lórí àwòrán, mo ní ìgbà wo ni wọ́n bu omi inú rẹ̀ kẹ́yìn, kí sì ni wọ́n rí. Ìdáhùn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan: ọdún báyìí, nǹkan báyìí, kò sí trítíọ̀mù, wọ́n sì ti dín ìgbà tí wọ́n ń bu ú kù. Ìyá yẹn ní, "Ta ló fọwọ́ sí i pé kí ẹ dín in kù?" Wọ́n dárúkọ àwọn aláṣẹ tó fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́ sínú jọ́tà.

Ó wá ku omi tèmi gan-an. Àjọ ìlera Suffolk County ń yẹ kànga onílé wò fún owó díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè dúró, mo ti ń kánjú, mo lọ sanwó fún ilé àyẹ̀wò aládàáni. Wọ́n fi kúlà kan ránṣẹ́, àwọn ìgò wà nínú rẹ̀ àti ìwé ìlànà. Lówùúrọ̀ Sátidé, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo ṣí ẹ̀rọ, mo jẹ́ kí omi ṣàn, mo kún ìgò ti PFAS, mo dé e. Ìgbà yẹn ni mo tó ka ìlà kẹta ìlànà náà délẹ̀: ẹni tó fẹ́ bu omi kò gbọdọ̀ fi ipara kankan para láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ òjò, kò gbọdọ̀ lo àtíkè. Òrí ń dán ní apá mi dé ìgbúnwọ́! PFAS tí wọ́n ń wá kéré débi pé bí ẹ̀kán omi mélòó kan nínú odò ni, ohun tó bá ti ara èèyàn bọ́ sínú ìgò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàbá Tóbi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n da á nù, wọ́n fi ìgò mìíràn ránṣẹ́. Nígbà tí mo bu ú lẹ́ẹ̀kejì, ara mi funfun bí ẹni tó jáde látinú ọyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé. Trítíọ̀mù: kò sí. Kẹ́míkà ìfọrin: kò sí. PFAS: ó wà díẹ̀, kò tó ìwọ̀n tí New York fi lélẹ̀ ní 2020, ìyẹn 10 nínú tírílíọ̀nù fún PFOA àti 10 fún PFOS, oríṣi PFAS méjì. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ kí n tó dé ìlà ìsàlẹ̀. Nitrate: 8 mílígíráàmù nínú lítà kan. Òfin ní kò gbọdọ̀ ju 10 lọ.

Nitrate kì í ṣe ọ̀rọ̀ átọ́míìkì rárá. Inú ajílẹ̀ ló ti ń wá, àti inú sókàwéè. Ilé bí 360,000 ní Suffolk County ni kò ní páìpù ìgbẹ́ ìjọba, sókàwéè ni gbogbo wa ń lò, omi tó ń ti inú rẹ̀ jò sínú iyanrìn sì ni kànga wa ń fà. Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kò jẹ́ kí ẹni tó ń gbẹ́ bóóhó sún mọ́ sókàwéè. Okùn ló fi wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó fi nǹkan gbẹ́ ẹ. Èmi ọmọ rẹ̀ ra ilé ní Amẹ́ríkà, n kò béèrè ibi tí ìkankan wà.

Mo mú èsì náà lọ fún bàbá aládùúgbò. Ó wọ awò, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé ajílẹ̀ tí òun ń dà sí koríko òun náà wà nínú 8 yẹn. Mo ní ìwé kò sọ ti ta ni. Mo bi í pé mélòó ni ti kànga tirẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní omi inú ike lòun ń rà mu láti 1997. Kànga náà, koríko lòun fi ń bomi rin, òun kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ó wọ gáréèjì, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ka àpò ajílẹ̀ sókè. Nígbà tó jáde, ó ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù ilé àyẹ̀wò yẹn fún òun.