Píkọ́ọ̀pù Tuntun: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ara Rẹ̀ Nílé àti Lóko

Bí ènìyàn bá ra píkọ́ọ̀pù tia rọ́bà ní Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí wọ́n á ní kó wá wẹ ọkọ̀. Kì í ṣe omi ni wọ́n ń wí. Ọtí ni, mínírà ni, ẹlòmíràn á sì dà á sórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. A ò ní kí ẹ má ṣàríyá. Ẹ̀bá táyà nílẹ̀ ni kí ẹ ta ọtí sí. Ṣúgà àti ásíìdì inú mínírà tó bá gbẹ mọ́ ọ̀dà lójú oòrùn lè fi àbàwọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti dà á sí i kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àgbẹ̀ la kọ ìwé yìí fún, àti oníṣòwò tó ń kó ẹrù wọ Bódìjà àti Ṣáṣá, àti ilé tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, tó tún ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bú ọ̀nà, pé ọ̀nà ló ba ọkọ̀ àwọn jẹ́. Ọ̀nà ní tirẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fọ ọkọ̀ àti ẹrù tí a jẹ́ kó sun inú rẹ̀ mọ́jú ló sábà ń kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ohun tó ń dán yẹn

Irin ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀dà àkọ́kùn tó ń lé ìpẹtà wà lórí irin, àwọ̀ tí ẹ fi yan ọkọ̀ wà lórí ìyẹn, lókè pátápátá ni ọ̀dà kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà. Kílíà yìí ló ń dán. Nínípọn rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 0.05 mìlímítà lọ. Ewé kan nínú ìwé ọmọ iléèwé nípọn jù ú. Gbogbo ìgbà tí a bá fi nǹkan líle bó ọkọ̀, ara rẹ̀ la ń bó kúrò.

Ọ̀rá funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ ṣí i kúrò. A mọ̀ pé ó wù yín kí aráyé mọ̀ pé tuntun ni. Oòrùn á yan gọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ọjọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ ṣí i, ìjà ni.

Fífọ̀

Ẹ lọ wo bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dúdú kan nígbà tí oòrùn bá ń ràn sí i. Bí ẹ bá rí ilà wẹ́wẹ́ tó ń yí po bí òwú aláǹtakùn, ẹ̀gún oko kọ́ ló fà á. Iyanrìn tó há sínú fóòmù ni, tí wọ́n wá ń fi fóòmù náà yí ọkọ̀ po lójoojúmọ́.

Nítorí náà, omi lásán ni kó kọ́kọ́ kan ọkọ̀, kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, ẹ jẹ́ kí ẹrẹ̀ ṣàn bọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára ni, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà tó 30 sẹ̀ńtímítà. Lẹ́yìn ìyẹn, garawa méjì: ọṣẹ nínú ọ̀kan, omi lásán nínú èkejì. Ẹ ki táwẹ̀lì máíkírófáíbà, ìyẹn táwẹ̀lì rírọ̀ tó ní irun wẹ́wẹ́, bọ ọṣẹ, ẹ fi fọ apá kan, ẹ lọ ṣàn án nínú omi lásán kó tó padà sínú ọṣẹ. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ garawa kejì. Iyanrìn tí ẹ bá rí níbẹ̀, ara ọkọ̀ ni ì bá ti fi họ. Táyà àti abẹ́ mọ́gáàdì ló ń kẹ́yìn, aṣọ tiwọn sì yàtọ̀. Táwẹ̀lì tó bá jábọ́ sílẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ẹ tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n nígbà mẹ́wàá.

Ṣáḿpù ọkọ̀ ni kí ẹ lò. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun àti ọṣẹ ìfọwo le jù, wọ́n á bó ìda tí ẹ fi pa ọkọ̀ dànù.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì gbóná, ẹ gbé e sí ibòòji. Abẹ́ igi máńgòrò kọ́ là ń wí o: oje á kán sí i, ẹyẹ àti àdán á yàgbẹ́ sí i. Ìgbẹ́ ẹyẹ ní ásíìdì, ó sì lè jẹ kílíà láàárín ọjọ́ díẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ má fi èékánná ha á. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó rọ̀, kí ẹ wá gbé e kúrò.

Omi bọ́họ́ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń fi àmì funfun róbótó-róbótó sílẹ̀ bó bá gbẹ sára ọkọ̀. Ẹ tètè nù ún gbẹ. Fínígà tí ẹ pò mọ́ omi, ìdá kan sí ìdá kan, á ká àmì tó bá ti wà níbẹ̀. Ẹ ṣàn án lẹ́yìn rẹ̀. Omi òjò kì í sábà fi àmì sílẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ páánù Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ eruku àti ìpẹtà orí òrùlé lọ kí ẹ tó gbé ike síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ kaa-wọ́ọ̀ṣì lẹ máa ń lọ, ẹ mú garawa àti táwẹ̀lì yín dání. Ọmọ tó ń fọkọ̀ á wò yín títí, á ní, “Dádì, a ní fóòmù níbí o.” Ẹ rọra ṣàlàyé fún un, kí ẹ sì fi nǹkan lé owó rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí ẹ bá dé, òun náà ló máa bèèrè garawa kejì.

Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni eruku yẹn ti ń bọ̀. Omi ni kó gbé e lọ.

Ẹrù oko

Omi tó ń ṣẹ́ lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rọ sápò kí wọ́n tó yan gàrí máa ń kan gan-an, ó sì ń jẹ irin. Omi tòmátò àti ata tó fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ náà kan. Èyí tó burú jù lójú tiwa ni ìgbẹ́ adìyẹ àti ajílẹ̀ òyìnbó. Hóró ajílẹ̀ tó bá dà sínú kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á di omi iyọ̀, á sì máa jẹ irin níbi tí ojú yín ò tó. Ẹ lè rò pé ó ti gbẹ. Òru ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ti Làlúpọn àti Ẹgbẹ́dá kó ìgbẹ́ adìyẹ, ọjọ́ tí ẹ bá kó o ni kí ẹ fọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Tápólì lábẹ́ ẹrù dára, ṣùgbọ́n ẹ ká a kúrò lẹ́yìn iṣẹ́, torí omi máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike líle tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù: ó dára fún ẹrù tó ń gbá irin, àmọ́ ẹ máa gbé e sókè wò lóṣooṣù. Ọ̀dà rọ́bà tí wọ́n ń fín mọ́ irin gan-an kì í fi àyè sílẹ̀ fún omi. Bó bá jẹ́ owó tiwa ni, òun la máa kọ́kọ́ ná an lé, ṣáájú ohunkóhun tó ń dán.

Kẹ́ẹ̀gì oògùn apako, inú ike ńlá ni kó dúró sí. Oògùn oní-glyphosate máa ń jẹ irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ oúnjẹ, ti ọkọ̀ kọ́ nìyẹn mọ́, ti ẹ̀mí ni.

Okùn tí ẹ fi ń di ẹrù á máa rẹ́ etí ọkọ̀ bí ayùn. Ẹ gé túùbù kẹ̀kẹ́ àlòkù, ẹ fi sábẹ́ okùn níbi tó ti kan ọ̀dà.

Ewé kókò

Gbogbo àgbẹ̀ ló ti rí omi tó ń yí gbirigbiri lórí ewé kókò láìdúró. Irú ara bẹ́ẹ̀ la fẹ́ fún bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Wáàsì ló ń ṣe é, kì í ṣe wáàsí ti àwọn àfáà: ìda tí a fi ń pa ọkọ̀ ni. Èyí tó lórúkọ jù nínú wọn, ara imọ̀ ọ̀pẹ kan ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń rí i.

Kí ẹ tó pa á, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi pa ara ọkọ̀ tí ẹ ti fọ̀. Bó bá ń ṣe yanrìn-yanrìn, ìdọ̀tí ti wọ ọ̀dà. Amọ̀ ìfọkọ̀ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú omi tó ń jẹ́ kó máa yọ̀ lára ọkọ̀ ló ń fà á jáde. Amọ̀ ìkòkò kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáàsì díẹ̀ pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ nù ún. Oòrùn wa kì í jẹ́ kó pẹ́, ẹ tún un ṣe ní bí oṣù méjì-méjì. Ẹ̀yà tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe lè tó oṣù mẹ́fà. Séráámíìkì, ìyẹn omi kan tó ń gbẹ di ìbòrí líle lórí kílíà, lè lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè dá òkúta dúró. Ọ̀rá tó nípọn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ ló lè dín ọgbẹ́ òkúta kù, owó rẹ̀ sì ga.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá tún kùn ní ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà, ẹ má fi wáàsì kàn án fún oṣù kan, ó kéré tán.

Abẹ́ ọkọ̀

Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n fi kọ́ńdẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àlòkù, fín abẹ́ ọkọ̀. Ó ń mú eruku dání, ó sì ń mú kí rọ́bà wú. Ẹ fọ ẹrẹ̀ pupa kúrò, kí ẹ lo ìda tí wọ́n ṣe fún abẹ́ ọkọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn: àwọn ihò kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Ẹrẹ̀ máa ń dí wọn. Ẹ̀ka ìgbálẹ̀ kan ti tó láti là wọ́n.

Òkúta tó bá ṣá ọ̀dà títí dé irin, ẹ má jẹ́ kí òjò méjì rọ̀ sí i. Nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ yín sábà máa ń wà lára páálí kékeré lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù lónìí, kí ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń po ọ̀dà, kó po ìgò kékeré kan fún yín.